Ẹni Tó Ń Darí, Ẹni Tó Ń Yìnbọn

N kò ní kọ orúkọ mi síbí. Kò sì sí ohun tí ẹ ó fi ṣe. Ní Ìgbó-Ọrà tí mo ti wá, bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọjà tí ẹ fi orúkọ tí wọ́n sọ mí pariwo, ogún ènìyàn ni yóò dáhùn, ọkùnrin àti obìnrin, arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Ìbejì ni mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ní èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, èkejì rẹ̀ ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Mo tọ́ ọ wò títí mo fi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò dùn.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn yóò máa rí tí wọ́n bá wò mí. Nílé, kò sí ẹni tó ń kí mi tí kì í fi kún un pé, "Èkejì ńkọ́?" Bí mo bá ra ẹ̀pà, ẹlẹ́pà á ní kí n mú ti èkejì mi dání. Bí wọ́n bá fẹ́ nà mí, wọ́n á kọ́kọ́ lọ wá a wá, wọ́n á na àwa méjèèjì pọ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè búra pé òun mọ èyí tó ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo lo odindi ọdún kan láìsí ẹni tó bi mí léèrè èkejì. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gé nǹkan kan kúrò lára mi tí ibẹ̀ kò sì ṣẹ̀jẹ̀.

Ọ́fíìsì ni mo ń gbá. Mò ń nu tábìlì, mò ń da ìdọ̀tí nù, mò ń fọ ilé ìgbẹ́. Físà mi ti tán láti oṣù kẹfà tí mo débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní dárúkọ ìlú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù bá ti bà fún ọdún mẹ́wàá, ẹ̀rù náà kì í lọ nítorí pé wọ́n fún un ní ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn yàrá mi nígbà náà, orí ìka ẹsẹ̀ ni mo máa ń dúró, n kò ní mí, títí ẹni náà yóò fi lọ. Bóyá ẹlòmíràn ló ń wá. Bóyá ọ̀rẹ́ ló jẹ́. N kò mọ̀, nítorí n kò ṣílẹ̀kùn.

Ohun tí mo fi ń gbé ayé ni Jímọ́ọ̀ méjì nínú oṣù. Tẹlifóònù tó ń gba ìpè láti òkèèrè kò pọ̀ ní agbègbè wa nígbà náà. Èyí tó sún mọ́ wa tí kì í ṣàìsàn lójoojúmọ́ wà ní Èrúwà, ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà obìnrin kan tí à ń pè ní Ìyá Ṣadé. Tí wọ́n bá ti kírun Jímọ́ọ̀ tán ní Ìgbó-Ọrà, èkejì mi á gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, á jókòó sórí bẹ́ńṣì, á máa dúró de ìpè mi. Kì í pẹ́ rí. Bí mo bá ti pè, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e.

"Èkejì," òun ni yóò sọ bẹ́ẹ̀.

"Èkejì," èmi náà á dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó kù.

Ní ọdún kan láàárín àwọn ọdún 1990, ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì tí mo ń gbá ra kọ̀ǹpútà tuntun. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa ní kí n kó àwọn ògbólógbòó lọ síbi ìdalẹ̀nù. Mo kó mẹ́rin dànù. Èyí kárùn-ún, mo fi kóòtù mi bò ó, mo gbé e lọ sílé bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Nígbà tí mo tàn án, mo rí i pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un nìkan. Géèmù wà nínú rẹ̀. Bàálù kan ń fò lójú sánmà, àwọn ọ̀tá ń ti òkè bọ̀, ìwọ yóò sì máa yìn wọ́n lulẹ̀.

Mo mọ géèmù yẹn, tàbí kí n sọ pé mo mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ọkùnrin kan tó ti Èkó dé gbé géèmù wá sí Ìgbó-Ọrà. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan nínú pálọ̀ rẹ̀, ó sì ń gba kọ́bọ̀ mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbá a. Màmá wa, tó ń pín ohun gbogbo sí méjì fún wa, kì í fún wa ní owó eré méjì. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá kan ni. A wá dọ́gbọ́n sí i. Èmi ni mò ń di igi tó ń darí bàálù mú, òun ló sì ń tẹ bọ́tìnnì ìbọn. Ọkùnrin ará Èkó náà bínú.

"Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbá a! Ẹ̀yin méjì kọ́!"

Èkejì mi kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹnì kan náà ni wá, bọ̀dá. Ẹ lọ bi Màmá wa."

Kò sí ọmọ tó lè pẹ́ tó wa lórí géèmù náà. Èmi ò mọ ìbọn yìn rárá, òun náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọta sílẹ̀. Àmọ́ tí a bá pa pọ̀, àwọn ọmọ á kó jọ sẹ́nu fèrèsé, wọ́n á máa wò wá.

Nítorí náà, nígbà tí mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn nínú yàrá mi, tí ọwọ́ méjèèjì jẹ́ tèmi, n kò lè ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí mo bá darí, mo gbàgbé ìbọn. Bí mo bá yìnbọn, wọ́n ti yìn mí.

Mo sọ fún un ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e.

"Èkejì, mo rí géèmù wa."

"Géèmù wo?"

"Oníbàálù. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fẹ́ dànù."

"Wọ́n ń da kọ̀ǹpútà nù? Àwọn òyìnbó yìí ti ya wèrè."

"N kò lè gbá a. Wọ́n ń yìn mí lulẹ̀ ṣáá."

Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi gbọ́ tí Ìyá Ṣadé ń bi í pé kí ló dé. "Ojo! Ìgbà wo lo mọ ìbọn yìn rí? Dúró dè mí jẹ́jẹ́. Bí mo bá dé, ìwọ darí, èmi ni n ó máa yìn."

Kì í ṣe àwàdà lásán ló ń ṣe. Páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ti jáde. Ó ti ta gbágùúdá oko ọdún yẹn, ó ń lé físà kiri Èkó. Láti ọjọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà náà kúrò ní ohun ìdọ̀tí tí mo gbé wálé. Ó di ohun tí mo ń tọ́jú de àlejò.

Ọkùnrin kan ń ta àlòkù kọ̀ǹpútà ní ọjà Sátidé, ará Pakísítànì ni, Ráṣídì lorúkọ rẹ̀. "Salamu alaikum" ló sọ wá di ojúlùmọ̀. Ó ní géèmù tuntun kan lórí àtẹ, nínú èyí tí ènìyàn méjì wà nínú bàálù kan, ọ̀kan ń darí, èkejì ń yìnbọn. Nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀ lára páálí, mo kó owó jáde. Mo rà á. Mo fi sínú kọ̀ǹpútà mi, kọ̀ǹpútà náà kọ ọ́ sójú pé mẹ́mìrì òun, ibi tó ń kó ìrántí sí, kò tó.

Mo gbé e lọ fún Ráṣídì. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ eruku, ó mi orí.

"Bàbá arúgbó lèyí. Bátìrì rẹ̀ ti kú, ìdí nìyẹn tí kì í fi mọ ọjọ́ òní."

Òótọ́ ni. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án, ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1980 ló máa ń sọ pé a wà.

"Bátìrì kò ṣe nǹkan," mo ní. "Mẹ́mìrì ni kí o tà fún mi. Ọ̀kan."

"Mi ò lè ta ọ̀kan fún ọ. Lórí irú kọ̀ǹpútà yìí, méjì-méjì ni wọ́n ń wọlé. Wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu. Bí o bá fi ọ̀kan síbẹ̀, kò ní jí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ fún un pé ìbejì ni mí, pé láti ìlú ìbejì ni mo ti wá, pé mo rìn títí dé òpin ayé, irin tí kò tó ìka ọwọ́ ló tún wá ń sọ fún mi pé òun kò lè ṣiṣẹ́ láìsí èkejì. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó fi bébà wé méjèèjì pọ̀, ó sọ wọ́n sínú àpótí, ó ní òun kò ní tà á fún ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Owó ọ̀kan ni mo ní. Mo jáwọ́ nínú bọ́ọ̀sì, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Búrẹ́dì àti tíì ni mò ń jẹ. Èyí kò dùn mí. Inú mi dùn débi pé n kò lè dúró di Jímọ́ọ̀. Mo pe Ìyá Ṣadé, mo ní kó ránṣẹ́ sí èkejì mi pé kó wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, pé mo ní ọ̀rọ̀ kan.

Kò sí ọ̀rọ̀ pàtàkì kankan. Mo kàn fẹ́ sọ fún un pé ìbejì ni mẹ́mìrì.

Ní Wẹ́sìdé náà, mo pè. Ìyá Ṣadé ló gbé e.

"Kò tíì dé o. Òjò burúkú ń rọ̀ níbí. Ẹ pè padà."

Mo pè padà. Kò tíì dé. Mo pè lẹ́ẹ̀kẹta, tẹlifóònù náà ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ní Jímọ́ọ̀, ohùn màmá mi ni mo gbọ́. Màmá mi kò wá síbi tẹlifóònù rí. Ó máa ń sọ pé òun kò lè bá ọ̀pá sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Àlàáfíà ni, Màmá. Ẹ kú ìrìn. Èkejì ńkọ́?"

Mo gbọ́ tí ọkọ̀ kan kọjá lójú títì Èrúwà.

"Èkejì rẹ ti rìnrìnàjò."

Ọmọ ìlú wa tó bá ń ka èyí ti mọ ohun tí màmá mi sọ. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ nípa ìbejì. À ń sọ ọ́ nípa bàbá wa, à ń sọ ọ́ nípa adìyẹ, a lè sọ ọ́ nípa bátìrì. A kì í sọ ọ́ nípa ìbejì, kí èyí tó kù má baà gbọ́ kó tẹ̀lé e. Nígbà tí a wà ní ọmọ bí ọdún márùn-ún, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì obìnrin tó wà lẹ́yìnkùlé wa "lọ sí Èkó." Kò padà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìgbà tí yóò dé. Ọmọdé ni wá, ṣùgbọ́n a mọ irú Èkó tó jẹ́.

Mo mọ̀. N kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ní ojú méjì, èmi náà sì ti rìnrìnàjò. Bí wọ́n bá bi màmá mi léèrè mi, ohun tó ń sọ nípa mi náà nìyẹn. Ọkùnrin tó ní páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́, tó ń lé físà, tí wọ́n bá ní ó ti rìnrìnàjò, kí ló kù? Mo yí ọ̀rọ̀ náà sí ojú tí mo lè wò.

"Ó rí físà gbà? Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ọ̀nà ibo ló gbà, Èkó àbí Kútọnu?"

"Ọ̀nà tó jìn ni, ọmọ mi." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Gbọ́ mi. Bí ó bá wá sọ́dọ̀ rẹ, má ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ó bá pè ọ́, má dáhùn. Má bá a lọ síbikíbi. Ṣé o gbọ́?"

"Kí ló ṣe, Màmá? Ṣé ó jí nǹkan yín ni?"

"Má ṣílẹ̀kùn."

Inú bí mi. "Ẹ̀yin tí ẹ pín ẹyin adìyẹ kan sí méjì fún wa! Ẹ̀yin náà lẹ wá ń sọ pé kí n tìlẹ̀kùn mọ́ ọn? Ìyá burúkú ni yín!"

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ìyá mi nìyẹn, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀. Ó ń sunkún nígbà tí mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ gba mẹ́mìrì lọ́wọ́ Ráṣídì. Òwúrọ̀ ni, oòrùn tí kò mú ń wọ yàrá. Mo yọ àwọn ògbólógbòó. Mo mú ọ̀kan nínú tuntun, mo tì í sí ààyè rẹ̀ títí ó fi dún kọ́. Kí n tó fi èkejì sí i, ọ̀fíntótó wọ̀ mí, mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni Ráṣídì sọ. Mo tàn án. Ojú rẹ̀ dúdú. Ó kàn ń ké, ó ń ké, ohùn kan náà, bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sóko. Mo pa á kíá, mo fi èkejì sí i.

Ó jí. Ó ka mẹ́mìrì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó sọ pé ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1980 la wà. Géèmù náà sì ṣí, ó bi mí pé ẹnì kan ni àbí ẹni méjì.

Ayọ̀ tí mo yọ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kò tún yọ irú rẹ̀ mọ́ ní ilẹ̀ yẹn, àní lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní ìwé. Mo rí àga kan tí wọ́n gbé síta lójú títì, mo gbé e wálé, mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí bọ́tìnnì ìbọn wà. Èmi tí mo máa ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn báyìí, mo ti sáré ṣí i. Ọlọ́pàá ì bá ti mú mi nígbà méje.

Mo pe Màmá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù yẹn. N kò tọrọ àforíjì. Òun náà kò mẹ́nu kan ohun tí mo sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń béèrè.

"Ṣé kò tíì wá?"

"Kò tíì wá."

"Alhamudulilai."

Alhamudulilai yẹn máa ń gún mi bí ọ̀bẹ.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà Tíṣà dé. Tíṣà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, Yorùbá ló sì máa ń kọ sí mi, Yorùbá tó dán, tó kún fún àmì. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ èyí. Ó bẹ̀rẹ̀ pé kí n má bínú, pé Màmá ló ní kí òun fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ó ti hàn sí Màmá pé n kò gbọ́ ohun tí òun ń sọ lórí tẹlifóònù, kò sì lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí èkejì mi kò gbọ́ dáadáa, bóyá bí wọ́n bá fi í sọ ọ́, kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ.

Álífábẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni mo fi ń kọ èyí, nítorí náà n kò ní kọ ọ́.

Ọ̀kadà ni. Wẹ́sìdé ni, nínú òjò, ní kọ́nà kan tó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ Èrúwà. Tíṣà kọ ọ́ pé ọlọ́kadà ti ní kí wọ́n dúró kí òjò dá, ṣùgbọ́n èkejì mi ní rárá, pé èkejì òun ń dúró, pé ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ sọ fún òun.

N kò lọ sílé. Bí mo bá jáde kúrò ní ilẹ̀ yẹn, n kò lè padà wọ ibẹ̀; ìdí kan nìyẹn. Màmá náà sì fi Kùránì bẹ̀ mí pé kí n má tíì wá, kí ilẹ̀ tó gba ẹnì kan má baà rí ẹnì kejì. Ìdí kejì nìyẹn. Ìdí kẹta ni kọ́nà yẹn, tí n kò lè ṣe kí n má gbà kọjá. Èmi tí wọ́n rán láti wá tọ́ ayé wò, mo jókòó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mò ń jẹ búrẹ́dì. Ẹni tó rán mi ti ṣíwájú lọ síbi tí n kò lè bá a tọ́ wò.

Nígbà tí Ráṣídì gbọ́, ó káàánú mi. Ó fún mi ní bátìrì kan lọ́fẹ̀ẹ́, pé ó kéré tán kí kọ̀ǹpútà mi mọ ọjọ́ òní. Mo dúpẹ́. Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. N kò fi sí i rí.

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé lẹ́tà náà, mo pe Màmá.

"Ṣé Tíṣà kọ̀wé sí ọ?"

"Ó kọ ọ́, Màmá."

"Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi. Màmá, ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ọ́ kí o tó sọ ọ́. Ṣé kò tíì wá?"

"Kò tíì wá."

"Alhamudulilai."

"Alhamudulilai," èmi náà sọ. Ẹ̀rù ló sọ ọ́, èmi kọ́.

Ó ti pẹ́. Mo ti gba ìwé, irun mi ti ń funfun, mo sì tún ti padà sórí ìka ẹsẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà náà ṣì wà. Bí mo bá tàn án lọ́sàn-án Sátidé, ọdún 1980 náà la wà, àwa méjèèjì ò tíì rí ọkùnrin ará Èkó. Géèmù á bi mí pé ẹnì kan ni àbí ẹni méjì. Méjì ni mo máa ń mú. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń darí. Ọwọ́ ọ̀tún mi á wà lórí itan mi, n kì í fi kan bọ́tìnnì ìbọn. Bàálù wa kì í pa ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń yẹ ọta sílẹ̀, láti apá kan dé apá kejì, títí agbára mi á fi tán. Mo ti mọ̀ ọ́n yẹ̀ báyìí. Mo máa ń pẹ́ lójú sánmà gan-an.

Màmá kò dẹ́kun ìbéèrè rẹ̀. Ó ń bi mí bóyá ó ti wá, ó ń bi mí bóyá mo tìlẹ̀kùn, ó ń rán mi létí pé bí ó bá pè mí, kí n má dáhùn. Kò bi mí rí bóyá èmi ni mò ń pè é.